Ìwọ̀n Ìfọ́nká: Ohun Tí Àròpín Kò Sọ

‘Ìyàtọ̀ ojúlówó’ ni mo tún rí nínú àlàyé kan tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń múra ìdánwò statistics, wọ́n ní standard deviation nìyẹn. Ó bí mi nínú. Èwo ni ojúlówó? Ṣé ìyàtọ̀ ayédèrú wà níbì kan ni? Àwọn mìíràn ń kọ ‘ìyapa kúrò nínú ìlànà’, bí ẹni pé ẹni tí máàkì rẹ̀ jìnnà sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rú òfin. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ‘sìtáńdáàdì dífíéṣọ̀n’ ni wọ́n ń kọ ní tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há ìyẹn sórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má mọ ohun tó ń wọ̀n.

Ìwọ̀n ìfọ́nká ni mo ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Nọ́ńbà kan ni, ó ń sọ bí àwọn iye ṣe fọ́n ká tó ní àyíká àròpín wọn. Kí Karl Pearson, onímọ̀ statistics ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó mú orúkọ òyìnbó rẹ̀ jáde ní 1893, ‘àròpín àṣìṣe’ ni Gauss, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, ń pè é, torí àṣìṣe inú wíwọn ìràwọ̀ ló ń wá. Ó bójú mu fún un. Ṣùgbọ́n gíga ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní variance, iye tí a ń rí kí a tó wá square root, náà ń wọn ìfọ́nká, pé orúkọ mi fẹjú jù. Ẹni tó bá ti ṣírò méjèèjì rí mọ̀ pé variance ò tíì délé: square root rẹ̀ ló ń dá wa padà sí sẹ̀ǹtímítà tàbí máàkì tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àgbébọ̀ adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ara bá tù wọ́n, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kí àwòdì já wá, wọ́n á fọ́n ká, èyí sọ́tùn-ún, èyí sósì, ìyá ò sì kúrò lójú kan. Ìyá yẹn ni àròpín; bí àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí i tó ni ìwọ̀n ìfọ́nká.

Máàkì 48, 49, 50, 51, 52 àti 10, 30, 50, 70, 90: 50 ni àròpín méjèèjì. Ẹ yọ 50 kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ó ku -2, -1, 0, 1, 2. Bí ẹ bá ro ó pọ̀ báyìí, òdo ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 4, 1, 0, 1, 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ pín in sí 5, ó di 2, variance nìyẹn, square root rẹ̀ sì jẹ́ 1.41. Ẹgbẹ́ kejì á fún yín ní 28.28. Bóyá 5 ni ẹ máa fi pín (bí máàkì gbogbo ẹgbẹ́ bá pé síbẹ̀) tàbí 4 (bí ó bá jẹ́ díẹ̀ tí a mú nínú wọn), ìbéèrè á sọ, kò tó ìjà.

Nínú ìdánwò, wọ́n fẹ́ràn láti béèrè pé bí a bá fi 10 kún máàkì gbogbo ènìyàn ńkọ́? Àròpín á gbéra, ìwọ̀n ìfọ́nká ò ní mira. Bí a bá sọ gbogbo máàkì di ìlọ́po méjì, òun náà á di ìlọ́po méjì. Bí ìdáhùn yín bá sì kéré sí òdo, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un ṣe.