Kí ló dé tí ìró igi fi ń gbé ará Bálì kúrò nídìí iṣẹ́?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ní erékùṣù Bálì, ní Indonéṣíà, bí igi kan bá ti dún, onísọ̀ á pa ìsọ̀ dé, gbogbo àdúgbò á sì forí lé ojú kan. Ta ló ń pè wọ́n?

Ìdáhùn: Banjar wọn ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àdúgbò. Igi náà ń jẹ́ kulkul: ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n la ojú gbọọrọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì gbé kọ́ sókè nínú ilé gogoro kékeré. Bó ṣe ń dún fún ìpàdé kọ́ ló ṣe ń dún fún òkú. Bí iná bá sọ, kíkankíkan ni wọ́n ń lù ú. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé bí ọ̀wẹ̀ tiwa ni?

Ìdáhùn: Ó jọ ọ́, àmọ́ à máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ ni. Banjar kì í bẹ èèyàn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bí ọkùnrin bá ti gbéyàwó, orúkọ rẹ̀ ti wọ̀wé nìyẹn, tòun tìyàwó rẹ̀. Bí ayẹyẹ bá délẹ̀, kí ojúmọ́ tó mọ́ làwọn ọkùnrin ti jókòó, kálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá àti pákó rẹ̀, tí wọ́n ń gé ẹran wẹ́wẹ́ fún lawar, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹran, àgbọn rírin àti èròjà pò. Àwọn obìnrin ń hun imọ̀ àgbọn fún ẹbọ.

Ìbéèrè: Àwọn náà ló ń pín omi oko?

Ìdáhùn: Rárá, subak ni: ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì tí omi kan náà ń dé oko wọn. Ẹni tó wà lókè odò lè sé omi mọ́ ẹni ìsàlẹ̀, àmọ́ kò ní ṣe é ní àǹfààní. Bí gbogbo oko ò bá sinmi pọ̀, kòkòrò àti eku á máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ní kí wọ́n máa gbìn láìdáwọ́ dúró. Kòkòrò fojú wọn rí màbo. Ní 2012, UNESCO kọ subak mọ́ ogún àgbáyé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí olówó kò fi gba alágbàṣe, kó sinmi?

Ìdáhùn: Nítorí òkú. Ní ngaben, ìyẹn sísun òkú, èjìká àwọn ará àdúgbò ló ń gbé ilé gogoro tí wọ́n fi ọparun kọ́, tí òkú wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé oríta, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ̀mí má baà mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì tó o á kọ́kọ́ sin òkú rẹ̀, títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé á jọ sun tiwọn pọ̀, kí ìnáwó lè fúyẹ́. Owó lè ra ọparun. Aládùúgbò ló ń gbé e.

Ìbéèrè: Ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Á san owó ìtanràn. Bó bá wá ṣorí kunkun, kasepekang ló kù: wọn ò ní bá a sọ̀rọ̀, wọn ò ní yọjú sí ìnáwó rẹ̀. Níbòmíràn, wọn ò ní gbà kó sin òkú rẹ̀ sí itẹ́ àdúgbò. Mo gbóríyìn fún banjar, àmọ́ ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti bá wọn lọ. Òkú náà kọ́ ló kọ̀ tí kò wá.