Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fojú rí lọ́wọ́ tramadol àti codeine

Bí èèyàn bá ju hóró tramadol sẹ́nu ní gáréèjì, tó fi paraga tì í wọlé, orí ni òun rò pé oògùn náà ń lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà sí. Púpọ̀ nínú ohun tí ìfun bá fà sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ńlá kan ló ń kó o lọ tààrà sí abẹ́ ìhà ọ̀tún, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe oníbodè. Ẹ̀dọ̀ á pa á dà kó tó jẹ́ kí ìyókù kọjá.

Ìpadà yìí náà ló ń fún oògùn lágbára. Codeine, tí ìjọba Nàìjíríà fòfin dè nínú oògùn ikọ́ olómi ní 2018, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń di morphine, oògùn apàrora tó lágbára gan-an. Bí ẹ̀dọ̀ kálukú ṣe ń yára sí, àbímọ́ ni. Ìwọ̀n tí ẹnì kan lò tí kò mọ nǹkan kan lára lè dá èémí ẹlòmíràn dúró.

Síbẹ̀, àwọn oògùn wọ̀nyí fúnra wọn kì í sábà ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá rìn ni, parasítámọ̀ sì ṣáájú. Hóró kan wà tí wọ́n po mílígíráàmù 37.5 tramadol pọ̀ mọ́ 325 parasítámọ̀. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, hóró méjì kì í tó o mọ́; ó di mẹ́fà, ó di méjìlá. Nínú méjìlá yẹn, tramadol jẹ́ 450, parasítámọ̀ ti di 3,900, bẹ́ẹ̀ 4,000 ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́. Tramadol ti mọ́ ọpọlọ lára. Parasítámọ̀ kì í mọ́ ẹ̀dọ̀ lára.

Bí ẹ̀dọ̀ bá ń pa parasítámọ̀ dà, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di májèlé. Èròjà kan tó ń jẹ́ glutathione ló ń pa oró náà. Bí májèlé bá pọ̀ ju èròjà lọ, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni oró ń jẹ. Ebi àti ọtí ojoojúmọ́ sì ń dín èròjà yìí kù, nítorí náà paraga yẹn kì í ṣe omi lásán. Ọjọ́ kìíní kì í pariwo: èébì díẹ̀, àárẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí abẹ́ ìhà tó máa dunni, kí ẹyinjú tó pọ́n rúsúrúsú. Acetylcysteine, oògùn tó ń pa oró yìí, wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló dára jù sí, ìgbà tí onítọ̀hún ṣì ń rò pé kò sí nǹkan.

Ti abẹ́rẹ́ tún wà. Àwọn tó ń gún heroin sára tí wọ́n ń yá ara wọn lábẹ́rẹ́, kòkòrò hepatitis B àti C, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni wọ́n ń yá ara wọn. C lè wà lára fún ogún ọdún láìfọhùn, kí ẹ̀dọ̀ máa di àpá díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti di àpá, ìwọ̀n oògùn àtijọ́ di ewu. Bí ẹ̀dọ̀ bá dá ṣáká, ìdajì tramadol ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí 6. Bó bá ti di àpá, ó ń tó 13. Ẹni tó bá tún gbé òmíràn mì, orí ti tẹ́lẹ̀ ló ń kó o lé. Àádọ́ta mílígíráàmù ní wákàtí méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀; hóró 225 wà lọ́jà ìgboro.

Oògùn wọ̀nyí tún ń mú ìfun lọ́ra, ìgbẹ́ á wá le. Láti inú ìfun ni oró kan tó ń jẹ́ amóníà ti ń jáde, bí ìgbẹ́ bá sì há, á pọ̀ sí i; ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó pa á kò lè pa á mọ́, ó bá gun orí. Ọ̀rọ̀ onítọ̀hún á máa wọ́, á máa sùn lọ́sàn-án, kò ní mọ ọjọ́ mọ́. Àwọn ará ilé á ní ó tún ti gbé e mì. Dókítà á ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, ọwọ́ náà sábà máa ń já wálẹ̀, á gbéra, á tún já, bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ń gbìyànjú àtifò.