Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Owó Ìrànwọ́ Mọ́ Ẹ̀tọ́ Obìnrin

Bí ìjọba ilẹ̀ olówó kan bá kéde pé ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí òun ń fi ránṣẹ́ sókè òkun ló ń ti ìdọ́gba obìnrin àti ọkùnrin lẹ́yìn, nọ́ńbà kékeré kan ló bí ìkéde yẹn: 0, 1 tàbí 2. Òṣìṣẹ́ kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ nọ́ńbà náà síwájú orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó ná ohunkóhun nínú owó rẹ̀.

Ìlú Paris ni oríkò àjọ OECD wà, ìyẹn àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó ti ń fikùn lukùn lórí ọrọ̀ ajé. Abẹ́ àjọ yìí ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní DAC wà, òun sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fúnni ní ìrànwọ́ máa ń jábọ̀ fún lọ́dọọdún. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú àkójọ náà: ilẹ̀ tó gba owó, iye owó, irú iṣẹ́ tó jẹ́. Lẹ́yìn àpérò àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tó wáyé ní Beijing lọ́dún 1995, àyè kan wọ ìlà yẹn fún àmì ìdọ́gba obìnrin àti ọkùnrin, ìyẹn nọ́ńbà 0, 1 tàbí 2 yẹn.

Nọ́ńbà 2 túmọ̀ sí pé torí ìdọ́gba gan-an ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kò sí iṣẹ́ mọ́. Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń ran àwọn opó lọ́wọ́ láti gba ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ ní kóòtù. Nọ́ńbà 1 wà fún iṣẹ́ tó ní ìdí mìíràn, ọ̀nà ọkọ̀ ni o, ètò ìlera ni o, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdọ́gba kún àfojúsùn rẹ̀. 0 ni pé wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọn ò sì bá ìdọ́gba nínú àfojúsùn rẹ̀. Àyè tó ṣófo yàtọ̀ sí 0 o: ìyẹn ní kò sẹ́ni tó yẹ ìwé náà wò rárá.

Kí iṣẹ́ kan tó gba 1, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wádìí ipò obìnrin àti ọkùnrin níbi tí iṣẹ́ náà ń lọ, kí àbájáde rẹ̀ sì hàn nínú ètò. Iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì gbọ́dọ̀ mú kí ìrẹ́jẹ tó wà nílẹ̀ le sí i. Ó kéré tán, àfojúsùn kan gbọ́dọ̀ dárúkọ ìdọ́gba ní tààrà, kí ohun tí wọ́n máa fi díwọ̀n rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ènìyàn, kí wọ́n ya iye obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára iye ọkùnrin, kí wọ́n sì máa jábọ̀ rẹ̀.

Ká mú iṣẹ́ omi wò. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé kan, ẹni tó kọ ètò rẹ̀ sì ní, “Àwọn obìnrin ló máa jàǹfààní jù, torí àwọn ló ń pọnmi.” Òótọ́ ni. Síbẹ̀, 0 ni ètò yẹn tọ́ sí, torí obìnrin tó ń pọnmi lánàá náà ni yóò máa pọn ọ́n lọ́la, ọ̀nà omi ló kàn yá sí i. Ẹlòmíì kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn obìnrin abúlé náà. Wọ́n sọ fún un pé kànga ẹ̀rọ kan ti wà níbẹ̀ rí, pé ọwọ́ ọkùnrin kan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà, pé tó bá ti gba oko lọ láàárọ̀, garawa á tò sílẹ̀ títí ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ omi ò bi àwọn léèrè ohunkóhun rí, títí ẹ̀rọ náà fi bàjẹ́ pátápátá. Ètò tuntun wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì ìgbìmọ̀ á jẹ́ obìnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, pé obìnrin méjì á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n á sì máa gbowó iṣẹ́ wọn, pé wọ́n á máa ka wákàtí tí obìnrin àti ọkùnrin ń lò nídìí omi. 1 nìyẹn. Kànga kan náà ni, jíjìn rẹ̀ kò yàtọ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tó ya ètò méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìṣirò owó ló wá gba ìṣọ́ra. Bí iṣẹ́ kan bá gba 1, gbogbo owó rẹ̀ pátá ni wọ́n máa ń kà, kì í ṣe apá tó kan obìnrin nìkan. Ká ní ọ̀nà ọkọ̀ kan gba 100 mílíọ̀nù dọ́là, tí 2 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ fún kíkọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́, 100 mílíọ̀nù náà ló máa wọ àpapọ̀. Ní 2021 sí 2022, nínú 100 dọ́là ìrànwọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè DAC fún ilẹ̀ mìíràn ní tààrà, tó sì ṣeé fi àmì sí, nǹkan bí 42 ló wà lábẹ́ 1 tàbí 2. Èyí tó gba 2 nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 lọ. Gbogbo ìyókù wà lábẹ́ 1, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ṣòro jù láti mọ ohun tó dé ọwọ́ obìnrin.

Ìjọba tó ń fúnni lówó ló ń fi àmì sí iṣẹ́ ara rẹ̀, ohun tó sì gbèrò láti ṣe ni wọ́n ń fi àmì sí. Bí iṣẹ́ bá parí, tí obìnrin kankan ò sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ omi yẹn, 1 lè wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àléébù tó tóbi jù nínú ètò yìí nìyẹn, ó sì máa ń dunni, torí àwọn tó sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn retí pé ẹnì kan á padà wá wò ó. Ní 2017, Kánádà ṣèlérí pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìrànwọ́ rẹ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní tààrà ni yóò fojú sun ìdọ́gba. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn iṣẹ́ tuntun rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ṣe àfojúsùn títí di 2025. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dáa, torí ó ń mú kí òṣìṣẹ́ béèrè ohun tí wọn kì í béèrè tẹ́lẹ̀. Ó sì tún lè mú kí ọwọ́ yá sí 1 níbi tí 0 ti tọ́.

Ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin fúnra wọn dá sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ ní nọ́ńbà irú iṣẹ́ tirẹ̀ nínú àkójọ náà, 15170, tí òun àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ obìnrin jọ ń lò. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yìí kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìrànwọ́. Àwọn àjọ ńláńlá ni owó kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ìwé tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré lè ju agbára ènìyàn mẹ́ta tí kò ní akọ̀wé owó.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkójọ OECD wà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Wá iṣẹ́ tó kàn ọ́, wo àmì rẹ̀, kí o wá ìwé ètò iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun ìdiwọ̀n sí ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ ju “obìnrin ló máa jàǹfààní jù” lọ, tí 1 sì wà níwájú rẹ̀, o lè kọ̀wé sí wọn láti béèrè ẹni tó fi 1 síbẹ̀ àti ìdí rẹ̀.