Ta ló ní ìyá onísọ́ọ̀bù ń rẹ́ wa jẹ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn n'Ìbàdàn: pé ìyá onísọ́ọ̀bù àdúgbò ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n á ní ìrẹsì rẹ̀ wọ́n ju ti Bódìjà lọ. Ó máa ń bí mi nínú, torí pé tí máàgì bá tán nílé ẹni tó ń sọ ọ́ láago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá yìí náà ló máa sáré lọ.

Pé ọjà rẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n, mi ò jiyàn. Ẹni tó ra odidi àpò ní Bódìjà, tó fún alábàárù lówó, tó san owó ọkọ̀, tó wá ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò, ní dẹ́ríkà, títí kan agolo mílíìkì, kò lè tà á ní iye tó rà á.

Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣírò yìí máa ń fò ni àwìn. Ẹ wo ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà rẹ̀: “Ìyá Ìbejì, búrẹ́dì 1, ẹyin 4.” Ẹni tó bá san, ó fi bírò fa igi lé orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbà á láàárín oṣù, iye kan náà ló máa san nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Kò sí èlé. Áàpù tó ń yáni lówó máa gba èlé, àwọn kan nínú wọn á tún máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ ẹni. Tí ìyá yìí bá wá fi ₦100 lé ọjà, inú ẹ̀ ni owó ọkọ̀ wà, inú ẹ̀ ni gbèsè àwọn tó kó kúrò ládùúgbò láì san wà. Èló ló ti rì sínú ìwé yẹn? Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo, mi ò tíì rí ẹni tó béèrè. Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀ pé èrè rẹ̀ ti pọ̀ jù?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí wọ́n ní ká má ná ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ mọ́, tí ATM gbẹ, tí owó tí a fi fóònù san kò tètè wọlé, àwìn ni ọ̀pọ̀ ilé fi jẹun kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣòótọ́. Àwọn kan ń lu ìdí kóńgò wọnú. Nítorí náà, ẹ máa yí i wò, ẹ sì máa wo ọjọ́ tí mílíìkì máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Bóyá ti àdúgbò yín tilẹ̀ ń rẹ́ yín jẹ lóòótọ́, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nítorí gbèsè, ẹ lọ san án: owó tó fẹ́ fi ra páálí mìíràn ló wà lọ́wọ́ yín.