TPO: tí òfin ò bá tíì dáàbò bo igi kan, ṣé ká kàn gé e náà ni?

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ rà ní England á ti gbọ́ ọ lẹ́nu ájẹ́ǹtì pé "àwọn igi yẹn ò ní TPO o", bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ò ní wàhálà kankan. TPO, ìyẹn Tree Preservation Order, àṣẹ tí káńsù máa ń pa ni, lábẹ́ òfin ìkọ́lé ọdún 1990, pé igi kan báyìí tàbí odidi igbó kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé e, kò gbọ́dọ̀ gé e lórí, kò gbọ́dọ̀ já gbòǹgbò ẹ̀, àfi tí káńsù bá fọwọ́ sí i, kódà kó jẹ́ orí ilẹ̀ bàbá ẹ ló wà. Ẹni tó bá gé e lulẹ̀, kọ́ọ̀tù ló ń lọ, òfin ò sì fi gbèdéke sí owó ìtanràn ẹ̀.

Igi tí ò ní TPO wá ńkọ́? Ohun tí káńsù máa ń wò jù ni bóyá àwọn èèyàn ń rí igi yẹn látojú títì, bóyá ó ń bu ẹwà kún àdúgbò, torí náà igi oak tó ti lo igba ọdún lẹ́yìn oko kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá lè má ní nǹkan kan, kí igi kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì stọ́ọ̀pù sì ní in. Kì í ṣe pé wọ́n wò ó tí wọ́n ní kò já mọ́ nǹkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀ wò ó rárá ni.

Àwọn oníṣòwò ilé mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé tí ìwé ìtọrọ àṣẹ ìkọ́lé bá ti wọ káńsù, ọ́físà káńsù tó ń rí sí igi lè jáde wá wo ilẹ̀, tó bá sì rí igi gidi níbẹ̀, káńsù lè gbé TPO lé e lójú ẹsẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 kí wọ́n tó jókòó fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Owó ló sì wà nídìí ẹ̀ o. BS 5837, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí igi tó wà níbi ìkọ́lé, ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ yí igi ká ní ìlọ́po 12 bí ìdí ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kí ìkọ́lé má bàa pa gbòǹgbò, igi tí ìdí ẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà kan, mítà 12 lápá ọ̀tún, 12 lápá òsì, 12 níwá, 12 lẹ́yìn, ilé kan tàbí méjì ti lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ni wọ́n bá rán àwọn agégi lọ láàárọ̀ Sátidé, káńsù ò síṣẹ́, ìwé ò tíì wọlé. Ìgbà tí ọ́físà máa fi dé, kùkùté ló bá, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ má sì rò pé tí ò bá ti sí TPO òfin ti dákẹ́. Tí ilẹ̀ bá wà ní conservation area, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo torí ìtàn tàbí ẹwà ẹ̀, o gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú tí fífẹ̀ ara igi bá ju mílímítà 75 lọ. Tí kì í bá ṣe inú ọgbà ilé, tí igi tó o fẹ́ gé sì ju mítà kúbíìkì 5 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, o gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí igbó. Ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò lọ́wọ́, òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́ ò gbà kó o bà á jẹ́. Ibùgbé àdán, àdán wà ńlé o, kò sí ńlé o, kò ṣeé fọwọ́ kàn. (Lọ́dún 2019 àwọn kan fi nẹ́ẹ̀tì bo igi àti ọgbà igi kí ẹyẹ má ráyè kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀, aráàlú pariwo lé wọn lórí gan-an. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pọ̀ lórílẹ̀ ayé.)

Èyí tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni Biodiversity Net Gain. Láti February 2024, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun alààyè tó wà lórí ilẹ̀ lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣebí ẹni tó bá kọ́kọ́ pa gbogbo ẹ̀ run, "tẹ́lẹ̀" tiẹ̀ á kéré? Àwọn tó ṣòfin ti rò ó síwájú: ohunkóhun tó o bá ti bàjẹ́ láìgba àṣẹ láti January 30, 2020, bí ilẹ̀ ṣe rí kó tó bàjẹ́ ni wọ́n máa kà. Fọ́tò sátẹ́láìtì sì wà, wọ́n á rí i.

Lójú tèmi, gígé igi kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Ẹni tí igi fẹ́ wó lé òrùlé ẹ̀, tàbí tó kàn fẹ́ kí oòrùn wọ ọgbà òun, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹni tí mò ń bá wí lẹni tó ń gé e torí ó mọ̀ pé káńsù á wá wò ó, tó sì mọ èsì tí wọ́n á fún un, ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn jó ìwé kí ẹjọ́ tó dé kọ́ọ̀tù. Ẹni tó fi igi tiẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ tí ọ́físà dé ló wá pàdánù ilé méjì, ẹlẹ́tàn sì jèrè. Mo gbà pé káńsù náà ń fa ẹsẹ̀, wọn ò ní èèyàn tó, ìbẹ̀rù TPO sì ń sọ ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa di onígbájúẹ̀, ṣùgbọ́n igi oak igba ọdún ò ṣeé dá padà fún káńsù tó yára tàbí èyí tó lọ́ra.

Tó o bá wá ń ra ilẹ̀ tí wọ́n ti gé gbalasa, béèrè ọjọ́ tí wọ́n gé e, kí o ní kí lọ́yà ẹ wo fọ́tò àtijọ́. Òfin Biodiversity Net Gain yẹn ò wo ẹni tó mú ẹ̀rọ agégi dání, ilẹ̀ ló ń wò, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ló máa san gbèsè náà.