Inú náà ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí ẹni tí oríṣiríṣi oúnjẹ ń bá jà ṣe lè jẹ ọdún

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ni èrò máa ń pọ̀ jù níwájú tábìlì mi ní ilé ìwòsàn. Onímọ̀ oúnjẹ ni mí; iṣẹ́ mi ni kí n bá èèyàn wo ohun tó ń jẹ, kí a jọ mọ èyí tó ń bá a jà. Lọ́dún kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ wọlé, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó ní, "Dókítà, ẹ gbà mí. Ìrẹsì ọdún ni mo jẹ, láti ìgbà náà ni inú ò ti jẹ́ n gbádùn. Mo ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, kò gbọ́."

Mo fún un ní bébà àti bírò, mo ní kí a kọ gbogbo ohun tó jẹ lọ́jọ́ Kérésì sílẹ̀ láti àárọ̀. Tíì oníwàrà àti búrẹ́dì. Pọ́fù-pọ́fù mẹ́fà nílé aládùúgbò. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù alálùbọ́sà. Mọ́ínmọ́ín méjì. Malt kan. Áísìkirimù tó bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lá nírọ̀lẹ́. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi máa lù, ikùn ti le bí ìlù, afẹ́fẹ́ ò sì jẹ́ kó lè jókòó láàárín èèyàn. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí bébà yẹn, ìrẹsì gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí àṣìṣe níbẹ̀ lè pààyàn. Ẹni tó jẹ ẹ̀pà, ẹyin, edé tàbí ẹja, tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ ń yún tó sì ń lé, tí mímí di ìṣòro fún un, ohun tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ló dojú ìjà kọ oúnjẹ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, ìbáà ṣe bíńtín. Bí mímí bá ti ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ẹ má dúró wá epo pupa fún un mu. Kí ẹni tí ẹ̀pà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ṣọ́ra fún sùyà ọdún pẹ̀lú, nítorí kúlíkúlì lílọ̀ máa ń wà nínú ata tí wọ́n fi ń pa á.

Ti ìyá aláṣọ yàtọ̀. Tirẹ̀ kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń ba ọdún jẹ́. Ohun tí ìfun kò rí lọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ìwọ̀n tí èèyàn jẹ ló sì ń pinnu bí wàhálà náà ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká mú wàrà. Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ lactose. Nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, ìfun kékeré wa ń pèsè lactase tó ń gé ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́ kí ara lè fà á mu. Bí a bá ti já lẹ́nu ọmú tí a ń dàgbà, lára èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ aráyé, lactase á máa dín kù. Ṣúgà tí kò rí ẹni gé e á ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Òun ni inú tó ń kùn, òun ni ìgbẹ́ gbuuru. Lọ́dún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, àti Norman Kretchmer, dókítà ọmọdé láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń lo ṣúgà yìí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè lọ̀ ọ́; àárín àwọn Fúlàní darandaran ni wọ́n ti rí àwọn tó lè lọ̀ ọ́ jù. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìsàn, bí ara wa ṣe rí ni.

Wàrà inú agolo àti ti oníyẹ̀fun kò yọ nínú ẹ̀, ṣúgà náà wà nínú wọn digbí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wàrà ń bá jà ló lè mu nǹkan bíi gíráàmù 12 ṣúgà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bí ife wàrà kan, kí inú wọn má sì ṣe ju kíkùn díẹ̀ lọ, pàápàá tí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Wàrà dídì tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri tún fúyẹ́ ju wàrà ṣíṣàn lọ: bí wọ́n bá ti fi oje ewé bomubomu mú un dì, ọ̀pọ̀ ṣúgà ti bá omi rẹ̀ jáde.

Wàrà nìkan kọ́. Àlùbọ́sà, aáyù àti àlìkámà ní ṣúgà tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ń pè ní fructan. Ẹ̀wà ní irú tirẹ̀. Inú gbogbo wa ni wọ́n ti ń di afẹ́fẹ́, ìfun àwọn kan ló kàn ń mọ̀ ọ́n lára jù. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Monash, ní Melbourne nílẹ̀ Ọsirélíà, kó irú àwọn ṣúgà wọ̀nyí pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, FODMAP. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ọdún wa nínú rẹ̀ ni pé igbá kan náà ni gbogbo wọn ń dà sí. Wàrà inú tíì dà sí i, búrẹ́dì dà sí i, àlùbọ́sà dà sí i, ẹ̀wà dà sí i. Ó lè má sí ọ̀kan tó máa dá kún igbá náà. Lọ́jọ́ lásán a kì í jẹ gbogbo wọn pọ̀; lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á rọ́ wọlé láàárín wákàtí mélòó kan, igbá á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lóṣooṣù láìsí nǹkan kan fi ń ké lọ́jọ́ Kérésì. Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Mo máa ń ní kí ó yan ẹyọ kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù, kí ó jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, kí ó wá fi àwọn tó kù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹni tó ń se oúnjẹ náà lè ràn wá lọ́wọ́, ọbẹ̀ kò sì ní tẹ́. Fructan àlùbọ́sà máa ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Kí òróró gbóná; ẹ la àlùbọ́sà ńlá sí méjì, ẹ jẹ́ kó dín títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ẹ wá fi ṣíbí oníhò kó o jáde tán pátápátá kí ata lílọ̀ tó kan òróró yẹn. Adùn ti dúró sínú òróró, ṣúgà ti bá àlùbọ́sà jáde. Bí ẹ bá lọ àlùbọ́sà mọ́ ata, ó ti bọ́ nìyẹn. Àlùbọ́sà eléwé tún wà: apá òkè tó dúdú mìnìjọ̀ ni kí ẹ gé sí i, ẹ yọ ìdí rẹ̀ tó funfun. Ní ti mọ́ínmọ́ín, ẹ bó ẹ̀wà náà, ẹ tún rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ da omi rẹ̀ nù, omi mìíràn ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Kí ẹ sì yí páálí mágí padà, kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlùbọ́sà gbígbẹ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Inú mi máa ń dùn pé oúnjẹ ilẹ̀ wa rọrùn fún ẹni tí wàrà àti àlìkámà ń bá jà. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì Ọ̀fadà, ẹ̀gúsí, ẹran àgbò Iléyá tí wọ́n dín: kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì níbẹ̀. Ohun tó bá fúláwà wọlé ni ká ṣọ́, ṣinṣín, mítì páì, kéèkì, àti sémó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Àmọ́ àwọn tó ní àìsàn celiac kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí mò ń sọ. Gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà àti báálì, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe malt, ń ba ògiri ìfun wọn jẹ́, nítorí náà malt kò sí fún wọn, òróró tó dín pọ́fù-pọ́fù kò sì gbọdọ̀ dín dòdò wọn. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ṣíwọ́ jíjẹ àlìkámà, torí ó lè fara pa mọ́ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn náà.

Ojú àánú àti ìtìjú ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Wọn ò fẹ́ kí onílé rò pé àwọn kọ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ èèwọ̀. Bí àlejò bá ní àwọn kì í jẹ òkété ní ìdílé àwọn, kò sí ìyá ilé tó máa rọ̀ ọ́ pé kó tọ́ ọ wò. Ẹ fi ohùn kan náà sọ ti inú yín, kí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ lọ́jọ́ ọdún o. Àlùbọ́sà àti wàrà kì í bá mi lára mu mọ́. Ẹ ṣáà bá mi bu ìrẹsì funfun àti ẹran sọ́tọ̀, mo máa gbé ọbẹ̀ díẹ̀ dání." Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé díẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sùn sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara tó ń rù láìnídìí, inú rírun tó ń jí èèyàn lójú oorun, ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọdún. Ẹ lọ rí dókítà.

Ìyá aláṣọ padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wá. Mo béèrè bí ọdún ṣe rí. Ó ní áísìkirimù lòun yàn, kọ́ọ̀pù kékeré kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí ọmọ-ọmọ òun tó kéré jù kì í fẹ́ dá a lá. Tíì àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ní wàrà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló se ọbẹ̀, ó dín àlùbọ́sà, ó kó o jáde. Mọ́ínmọ́ín kan wà tí wọ́n bá a gbé sínú fíríìjì, ọjọ́ kejì ló jẹ ẹ́.