Kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀?

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ bàbá mi máa ń wú lọ́sàn-án, ìtọ̀ kì í sì dààmú wọn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sùn lálẹ́, wọn a dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nọ́ọ̀sì kan ní ká lọ yẹ ọkàn wọn wò. Ọkàn kẹ̀?

Ìdáhùn: Ọkàn ni o. Bí bàbá ṣe ń jókòó, tí wọ́n ń dìde látàárọ̀, omi ti rọ́ lọ sí ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá wá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya wọ ọkàn. Yàrá méjì tó wà lókè ọkàn ló ń gbà á wọlé. Ògiri wọn fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ fẹ̀. Tó bá sì ti fẹ̀ jù, wọn a tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ti kó pamọ́ jáde: ANP. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ fún kídìnrín ni pé kó da iyọ̀ nù, ibi tí iyọ̀ bá sì gbà, omi á bá a lọ. Ó tún ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ odò dé ọrùn rí mọ bí ìtọ̀ ṣe ń gbọ̀n èèyàn níbẹ̀. Omi odò ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wá sí àyà.

Ìbéèrè: Ta ló ṣàwárí họ́mọ̀nù yìí?

Ìdáhùn: Adolfo de Bold àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kingston, ní Kánádà. Lọ́dún 1981, wọ́n lọ yàrá òkè ọkàn eku kúnná, wọ́n sì fa omi rẹ̀ sí eku mìíràn lára. Kíá, iyọ̀ tí eku náà ń tọ̀ jáde lé ní ìlọ́po 30! Wọ́n fi yàrá ìsàlẹ̀ dán an wò, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ ṣì ń wú?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ pé ó rẹ ọkàn ni, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kídìnrín kò tó. Kídìnrín á rò pé omi ti tán lára, á sì figbe ta pẹ̀lú renin (èròjà tí kídìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) pé kí ara di iyọ̀ mú. Igbe yẹn máa ń borí ANP. Yàrá ìsàlẹ̀ náà á máa tú BNP, họ́mọ̀nù mìíràn tó jọ ANP, jáde (inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Japan, lọ́dún 1988), òun sì ni dókítà ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọkàn ń jìyà. Àmọ́ àtọ̀gbẹ àti prostate (ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) náà máa ń jí àgbà lóru, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò pọ̀.